Ìyàwó mi ní mi ò kì í gbọ́ òun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Ìyàwó mi ní mi ò kì í fetí sí òun, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó bá sọ ni mo lè tún sọ. Lọ́jọ́ kan ó ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, kó tó parí mo ti ní kó kúrò ńbẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Kí ni mo ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé, sà. Ohun tó sọ lẹ gbọ́, ohun tó ń dùn ún lẹ ò gbọ́. Kò rọrùn o, torí tá a bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ọ̀rọ̀ 125 sí 150 lẹnu wa ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ sì yára jùyẹn lọ dáadáa, àyè tó ṣẹ́ kù yẹn la fi ń ro èsì tàbí ká máa wo fóònù. Mo ti ṣe é fọ́mọ mi rí, ó ṣì ń dùn mí.

Ṣé tí kọ́sítọ́mà bá gbáṣọ wá, ẹ máa gé e kó tó sọ sítáì tó fẹ́ tán ni? Ẹ pa maṣíìnì, ẹ jókòó ti ìyàwó yín, ẹ bi í pé ṣé ìmọ̀ràn ló fẹ́ àbí kẹ́ ẹ kàn gbọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ó lè má tíì débi tọ́rọ̀ wà. Lálẹ́ òní, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ látìbẹ̀rẹ̀.