Níbo lèèyàn ti lè rìn wo àwọn ibi àtijọ́ ní Wiltshire, ní ilẹ̀ England, lópin ọ̀sẹ̀ láìsan owó ìwọlé?

Abúlé Avebury ni. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ àárín àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò yípo níbẹ̀, ẹ sì lè fọwọ́ kàn wọ́n, ohun tí wọn kì í gbà láyè lọ́jọ́ lásán ní Stonehenge, ibi òkúta àtijọ́ mìíràn tó lókìkí ní Wiltshire. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba inú pápá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Silbury Hill, òkè tí àwọn èèyàn fọwọ́ mọ ní ohun tó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Ní òdìkejì títì A4 ni West Kennet wà, ibojì olókùúta tó ti lé ní 5,000 ọdún. Ó ṣeé wọ̀, ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Owó wà fún ibi ìgbọ́kọ̀sí Avebury o, ẹrẹ̀ sì máa ń pọ̀ lọ́nà nígbà òtútù.