Ẹ padà síbi tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ní àwòrán igi, odò àti òkè tí ẹ ń yà lẹ́nu ìrìn àjò ń mọ́ kedere, àwọn èèyàn sì ń yìn ín, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ti wá jọra lójú yín, ẹ ò sì mọ̀ bóyá lẹ́ńsì tuntun ló kù tàbí ibi tó tún rẹwà jù báyìí lọ. Mo pẹ́ ní oríta yẹn kí n tó kúrò níbẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tí mo ti ya àwòrán tẹ́lẹ̀, mo sì ń padà síbẹ̀ títí àwòrán tó rọrùn níbẹ̀ fi tán.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá dé ibi kan, ẹwà ibẹ̀ ló ń darí ọwọ́ wa. Odò ń dán, òkè ga fíofío, a gbé kámẹ́rà sójú, a tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ohun tí gbogbo ojú ń rí níbẹ̀ náà la rí. Ìgbà tí ẹ bá tún padà, tí ẹ tún padà, tí ibẹ̀ kò yà yín lẹ́nu mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ojú tiyín máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Odò kékeré kan ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn á kọlu omi, á funfun báláú, abẹ́ igi á sì ṣókùnkùn biribiri. Agbára káká ni kámẹ́rà fi lè gba méjèèjì pọ̀. Ní ìdájí, kùrukùru á rọra gbéra lójú omi, igi tó wà ní òdìkejì á sì ṣe bàìbàì bí ẹni pé wọn ò tíì fẹ́ jí. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ojú ọ̀run ṣì ṣú, òjìji líle á lọ, àwọ̀ ewé á sì jinlẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi kámẹ́rà sílé, bẹ́ẹ̀, ní tèmi, kò sí ọjọ́ tó dára tó o fún igbó. Ewé tutù máa ń dán, ìdán yẹn a sì bo àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi fílítà polarizer, ìyẹn gíláàsì tó ń dín ìdán kù, sẹ́nu lẹ́ńsì, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí i tí funfun orí ewé ń pòórá, tí àwọ̀ ewé ń jáde bọ̀ wá. Kò sí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí a bá délé.

Nínú odò yẹn kan náà, bí mo bá ṣí ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú kámẹ́rà, fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀kán omi á dúró lófuurufú, ẹ lè kà wọ́n. Bí mo bá ṣí i fún 1/4, tí kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, omi á di okùn tó ń wọ́ láàárín òkúta. Bí ó bá di 30 ìṣẹ́jú àáyá, omi á di èéfín, odò á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ odò mọ́. Mo fẹ́ràn 1/4 yẹn jù, nítorí agbára omi ṣì hàn nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè yan èéfín, kò sì ṣì í. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ mọ ìdí tí ẹ fi yan èyí tí ẹ yàn.

Ìdí yẹn ni mo ń wá kí n tó gbé kámẹ́rà sójú. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ló dá mi dúró níbí? “Òkè yìí rẹwà” kì í ṣe ìdáhùn. “Èjìká òkè nìkan ni oòrùn kàn, ìsàlẹ̀ ṣì wà lókùnkùn,” ìdáhùn nìyẹn, torí pé ojú ẹsẹ̀ ni ẹ máa mọ ohun tó yẹ kó kúrò nínú àwòrán náà. Lọ́dún 1927, Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, wà níwájú àpáta Half Dome ní Yosemite, ní Amẹ́ríkà, awo gíláàsì tó fi ń ya àwòrán dúdú àti funfun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ó fi fílítà aláwọ̀ ìyeyè ya ọ̀kan, ló bá rí i pé ojú ọ̀run inú rẹ̀ kò ní wúwo bó ṣe wúwo lọ́kàn òun. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí pupa fún èyí tó kẹ́yìn. Pupa yẹn ló sọ ojú ọ̀run di dúdú lẹ́yìn àpáta, òun sì ni àwòrán tí ayé mọ̀. Ó ti rí i lọ́kàn kó tó tẹ kámẹ́rà.

Ẹ lè ní, ìrìn àjò ńkọ́, níbi tí èèyàn lè má padà dé mọ́ láéláé? Ẹ padà síbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan náà. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí nírọ̀lẹ́ tí ẹ dé, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa dúró sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwòrán tí gbogbo àlejò ń yà níbẹ̀, ẹ yà á, kó kúrò lọ́kàn yín, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ibi olókìkí yẹn ń bọ́ sórí ohun tó wà lẹ́yìn yín náà, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ fẹ́ yà, ẹ kí wọn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ tọrọ àyè kí kámẹ́rà tó jáde.

Ní ti lẹ́ńsì, ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá lè dárúkọ àwòrán tó ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹyẹ tí kì í jẹ́ ká súnmọ́ òun ń fẹ́ lẹ́ńsì gígùn, bíi 400mm. Àmọ́ bí lékeléke bá ń funfun bọ́lọ́bọ́lọ́ níwájú igbó dúdú, tí ìyẹ́ rẹ̀ ò hàn, lẹ́ńsì kọ́ ló fà á. Òkùnkùn igbó ló tan kámẹ́rà jẹ, tó fi ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ẹ fi ètò +/− tó wà lórí kámẹ́rà dín ìmọ́lẹ̀ kù sí −1, ẹ óò rí ìyẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì yan àwòrán lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ayọ̀ ìrìn àjò ṣì ń bo ojú nígbà yẹn. Mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n tó mú díẹ̀ nínú wọn lọ bá ẹni tí kì í pọ́n mi lé. N kì í bi í pé ṣé ó dára. Mo ń bi í pé ibo lojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Bí ojú rẹ̀ bá lọ síbi ọ̀tọ̀ sí ohun tó dá mi dúró, mo ti mọ ohun tí mo máa wá lọ síbẹ̀ nígbà míì.