Ibi tí èrè ń gbà lọ tí a bá ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Àbúrò mi ní Kétu, o ní o ra ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan lọ́wọ́ agbẹ́gilére ní 20,000 sẹ́fà, ó tà ní 60 yúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní ní Faransé lórí Etsy, ìyẹn ọjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà sì san 40 yúrò lé e fún ìfiránṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, o ò rí nǹkan gidi mú dání. O wá ń bèèrè bóyá wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni. Wọn ò rẹ́ ọ jẹ. Irú ọjà yẹn lèmi náà ń tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àti ẹní, ìṣirò yìí sì ti fojú mi rí màbo. Jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, iye yẹn kì í yí padà. 60 yúrò lé díẹ̀ ní 39,000. Lójú ẹni tó ra ọjà ní 20,000, ó dà bíi pé èrè 19,000 ti wà nílẹ̀. Àmọ́ Etsy kì í wo 60 yẹn nìkan. Ìdá 6.5 nínú 100 tó ń gbà, àtorí ọjà àtorí owó ìfiránṣẹ́ ló ti ń yọ ọ́. Oníbàárà rẹ san 100 yúrò lápapọ̀, torí náà 6.50 ti lọ. Owó ìgbàwó lórí káàdì fún ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Faransé jẹ́ ìdá 4 nínú 100 àti 30 sẹ́ńtì lórí 100 yẹn kan náà, ìyẹn 4.30. Owó pípàtẹ ọjà tún wà, 0.20 dọ́là, oṣù mẹ́rin péré ló ń lò; tí ọjà ò bá tà, o ó tún un san. Kó o tó ṣẹ́jú, bíi yúrò 11 ti lọ. Nínú 11 yìí, ó lé ní 4 tó jẹ́ pé orí 40 yúrò ìfiránṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, owó tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn gba ọwọ́ yín kọjá.

Wàyí o, bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá orí ìpolówó tí Etsy gbé síta ni oníbàárà yẹn ti tẹ ọjà náà wá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdá 15 nínú 100 tún lọ, orí gbogbo 100 náà ni. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá tíì ta tó 10,000 dọ́là láàárín oṣù 12 lè pa ìpolówó yẹn nínú ètò ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti fi ìgbà kan kọjá iye yẹn, kò ṣeé pa mọ́, àmọ́ ìdá 12 ni wọ́n á máa gbà.

Ó yá, ṣírò rẹ̀. Yọ owó agbẹ́gilére, tó jẹ́ 30.50, kúrò nínú 60. Ó ku 29.50. Yọ 11, ó ku 18.50. Tí ìpolówó bá wà níbẹ̀, yọ 15 rẹ̀, ó ku 3.50. Kò tó 2,300 sẹ́fà. Inú rẹ̀ lo ti máa ra páálí, fóòmù àti téèpù, inú rẹ̀ lo ti máa wọkọ̀ láti Kétu gba Pobẹ̀ dé Àjàṣẹ́ títí dé Kútọnu, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa san owó tí wọ́n ń gbà kó tó lè fowó ṣọwọ́ sílé. Ibẹ̀ ni èrè rẹ wọlé sí.

Ti ìfiránṣẹ́ gan-an ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọlọ́jà tó mọṣẹ́ wọn dáadáa tí wọ́n ṣíwọ́ títà. Àwọn akẹ́rù tó ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e kì í wo bí ẹrù ṣe wúwo nìkan, wọ́n tún ń wo àyè tó gbà. Irú DHL báyìí, wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìyẹn àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni wàá san. Ère kan tó wọn kílò 2.5, tó o bá gbé e sínú páálí 40 lọ́nà 30 lọ́nà 30, 36,000 nìyẹn, pín in sí 5,000, kílò 7.2 ni wàá sanwó fún. Afẹ́fẹ́ lò ń fi ránṣẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: inú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣófo, èmi á fi àkísà tó mọ́ dí i dáadáa kó má bàa sán, èmi á fi fóòmù tín-ín-rín wé ibi tí ejò tàbí ẹyẹ ti yọrí sókè, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀bẹ la igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí náà, màá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí á fi bá ère náà mu, kí n tó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ nílọ̀ọ́po méjì. Tó bá di 40 lọ́nà 30 lọ́nà 20, kílò 4.8 péré ni. Ère kan náà ni o, owó rẹ̀ ló yàtọ̀.

Àwọn kan á ní kó o kọ ọ́ pé ìfiránṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ọjà lè yá. Ó lè yá lóòótọ́, àmọ́ akẹ́rù ò ní gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà inú iye ọjà ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Ti aṣọ́bodè náà ńkọ́? Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2021, kò sí ẹrù tó kéré jù fún TVA, ìyẹn owó orí lórí ọjà, mọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union. Amẹ́ríkà náà, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2025, ti dá ààyè tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là wọlé láìsanwó bodè dúró. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó. Ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ lè kọ ẹrù náà sílẹ̀ fún wọn, owó àlọ á ṣòfò, wọ́n á sì tún lè bu owó àbọ̀ lé yín lórí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, èrè ọ̀pọ̀ ọjà tó kù ló bá a lọ.

Báyìí ni kó o ṣe máa dá iye lé ọjà. Kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀: ère 30.50, páálí àti ọkọ̀ bíi 8, ìfiránṣẹ́ 40, èrè tó o fẹ́, ká ní 15, àti 50 sẹ́ńtì fún àwọn owó kéékèèké. 94 yúrò ni. Má wulẹ̀ fi ìdá 10.5 kún 94, kò ní tó, torí orí iye tí oníbàárà san ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí ìnáwó rẹ. Yọ ìdá 10.5 yẹn (6.5 àti 4) kúrò nínú 100, ó ku 89.5, ìyẹn 0.895. Pín 94 sí 0.895, ó jẹ́ 105. Tí ìpolówó bá wà níbẹ̀, yọ ìdá 15 rẹ̀ náà, kó o pín in sí 0.745, ó di 126 àti díẹ̀. Tí ojú oníbàárà kò bá gba iye yẹn, á jẹ́ pé ọjà yẹn kò yẹ kó bá ọkọ̀ òfúrufú lọ. Kó ẹní tàbí aṣọ sípò rẹ̀, àwọn ìyẹn ṣeé ká.

Tó o bá ń tà fún àwọn ará Kútọnu lórí WhatsApp, nǹkan ò le tó bẹ́ẹ̀: kí oníbàárà fi owó zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ránṣẹ́ lórí MoMo, ìyẹn owó orí fóònù, kí ọjà tó gbéra, kó sì fi owó ìyọwó kún un. Mo ti rí i tí ọlọ́kadà gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà pa fóònù. Àlọ àbọ̀, ọlọ́jà ló san án.

Fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí tó o lò lọ́jọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi, kó o sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wo ìwé owó oṣù yẹn bóyá owó ìpolówó wà níbẹ̀. Màá bá ọ tún un ṣírò.