Èsì: Irorẹ́ tó wà lára pẹ́nì 1994 yẹn

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo fótò yín. Ẹ ní pẹ́nì Amẹ́ríkà 1994 yín yọ nǹkan bí irorẹ́ lójú Lincoln, ààrẹ àtijọ́ tí àwòrán ẹ̀ wà lára owó náà, ọdún ara ẹ̀ sì dà bíi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ń bèèrè bóyá doubled die ni, ìyẹn owó tí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi lù ú fúnra ẹ̀ ti ní àwòrán méjì lórí ara wọn. Rárá o.

Irorẹ́ yẹn ná. 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi síǹkì ṣe pẹ́nì, 97.5%, kópà tó bò ó lórí dà bí awọ àlùbọ́sà lásán ni. Tí wọn ò bá fọ síǹkì yẹn mọ́ kí wọ́n tó fi kópà bò ó, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ ẹ̀, tí ẹ̀rọ bá wá lu owó náà báyìí, ooru ẹ̀ á mú kí afẹ́fẹ́ yẹn wú, ló bá léròrò bí ọwọ́ tí epo gbóná ta sí.

Ti ọdún yẹn, ẹ wo 4 yẹn dáadáa: ìlà kejì ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rí bí àtẹ̀gùn kékeré, ó sì ti jẹ nínú ara nọ́ńbà fúnra ẹ̀. Òǹtẹ̀ ló mì díẹ̀ nígbà tó lu owó tán. Doubled die gidi, irú ti pẹ́nì 1955 yẹn, inú òǹtẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wà kó tó lu owó kankan, nọ́ńbà méjèèjì á rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ á sì rí ibi tí etí wọn ti là sí méjì. (Èmi náà ti fi irú ti yín yọ ayọ̀ òfo rí 😂)

Ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni láti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò jàre.