Ẹ má yáwó ṣòkú bàbá yín

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ ní ẹbí fẹ́ kí ẹ yáwó lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù kí ìnáwó òkú lè dùn, kí ojú má baà ti ìdílé. Olùkọ́ ni èmi náà, Ìjẹ̀bú sì ni wá, ẹ mọ bí tiwa ṣe ń rí tó bá di ìnáwó.

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, àbúrò wọn ṣí ìwé níbi ìpàdé ẹbí, ó ń kọ: màlúù, kánópì, olórin, aṣọ ẹbí, tàwọn ìyàwó ilé. Kò kọ orúkọ ẹnì kankan síwájú màlúù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa rà á?" Ilé pa lọ́lọ́, gbogbo ojú ń wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ iye tó wà lọ́wọ́ mi: ó tó pósí, owó mọ́ṣúárì, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìrẹsì fún ẹni tó bá bá wa délé. Ẹni tó bá fẹ́ màlúù, kó mú un bọ̀. Ìyá àgbà kan ní, "Ṣé òkú ọ̀fọ̀ ni bàbá rẹ ni?" Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, ṣùgbọ́n mi ò yẹ̀.

Ẹ tètè sọ tiyín. Tí wọ́n bá ti mú ọjọ́, tí wọ́n ti yan aṣọ, ẹnu yín ò ní ká a mọ́. Owó mọ́ṣúárì sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́.

Ní ti alájẹṣẹ́kù, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ yín. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ni 70,000 náírà. Màlúù tó ṣeé fi han Ìjẹ̀bú á gba ju oṣù mẹ́fà irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá rí i san, ọ̀dọ̀ onídùúró yín ni wọ́n ń lọ. Ẹ má sì sún mọ́ áàpù ayánilówó. Àwọn kan nínú wọn máa ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù ẹni. Ìtìjú tí ẹ ń sá fún lọ́dọ̀ ẹbí, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ á gbọ́ sí i.

Mi ò ní purọ́, àwọn ìbátan kan ò wá. Ìyá àgbà yẹn kì í dáhùn tí mo bá kí wọn, mo ṣì ń kí wọn. Àbúrò bàbá mi tó kọ ìwé, àgùntàn ló mú wá, a sì dúpẹ́.

Kí ẹ tó lọ sípàdé, ẹ bá àwọn ọmọ ìyá yín fohùn ṣọ̀kan o. Tí ẹnì kan nínú yín bá lọ ṣèlérí níbẹ̀, orí yín ni wọ́n á di ẹrù náà lé.