Gìtá Àtijọ́ Tí Ohùn Rẹ̀ Ń Ga Jù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi gìtá oníná kan sílẹ̀ fún mi, Stratocaster ti ọdún 1966, tí ó ti pẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo so okùn tuntun sí i, mo sì yí wọn títí ohùn wọn fi bára mu, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ okùn ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá (ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tí ó dábùú ọrùn gìtá), ohùn a ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Okùn náà ga débi pé ó ń dun ìka, bọ́tìnnì ohùn sì ń ha bí mo bá yí i. Atúnrédíòṣe kan ní kí n pààrọ̀ gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Ṣé kí n gbà? (Olùkọ́ kan, Ìkéré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà, Olùkọ́. Àwọn wáyà àti pickup (ohun tí ń gba ohùn okùn) tí ó bá a ti ilé iṣẹ́ wá wà lára ohun tí ó mú kí irú gìtá bẹ́ẹ̀ níye lórí. Eruku ló sábà máa ń fa híha yẹn. Oògùn tí atúnrédíòṣe náà fúnra rẹ̀ ń fín sídìí bọ́tìnnì rédíò ni kí ó fín síbẹ̀, kí ẹ sì yí bọ́tìnnì náà lọ yí i bọ̀ dáadáa.

Ọrùn gìtá ni mo fura sí. Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń há ní Ìkéré nígbà tí òjò bá pọ̀: igi máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí ọrùn gìtá bá mu ún, okùn a fà á tẹ̀ síwájú, okùn a ga, ìka tí ó sì ń tẹ okùn gíga ń nà án ni, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń lọ sókè. Ẹ tẹ okùn tí ó nípọn jù ní fúrẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní àti èyí tí ó kẹ́yìn. Àlàfo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìkeje kò gbọdọ̀ ju ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí a tò léra lọ.

Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, irin kan wà nínú ọrùn náà tí a ń fún le kí ọrùn lè tọ́. Ìdí ọrùn ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lára gìtá ọdún yẹn, nítorí náà ẹ tú okùn sílẹ̀, ẹ yọ súkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn tí ó di ọrùn mú, kí ẹ yí nọ́ọ̀tì náà sí ọ̀tún ní ìdá mẹ́rin àyípo kan péré, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ tún wò ó. Ó ń gba sùúrù. Èmi a máa tú ọrùn kan tó ìgbà mẹ́ta. Bí nọ́ọ̀tì bá le, ẹ má fi agbára yí i.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sọ okùn kalẹ̀ sí nǹkan bíi mìlímítà 2 lókè fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá. Ẹ wá fi ìka kan okùn níbẹ̀ fẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ta á; bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fi súkúrù rẹ̀ fa irin kékeré tí okùn náà jókòó lé sẹ́yìn. Bí ọyẹ́ bá dé tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fúrẹ́ẹ̀tì, ẹ dá nọ́ọ̀tì náà padà sí òsì díẹ̀.