Mọ́tò Nitro Ọmọ Mi Ń Kú Tó Bá Ti Fún Un Níná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston níbí ni mò ń gbé, mo ra mọ́tò rìmóòtù tó ń lo epo nitro fún ọmọkùnrin mi, àlòkù ni. Ó ń stáàtì dáadáa, àmọ́ tó bá ti fún un níná báyìí, á fà díẹ̀, á sì kú. Èyí tó wá tojú sú mi ni pé nígbà míì tó bá ti sáré tó gbóná, tọ́mọ ṣíwọ́ lórí rìmóòtù, ẹ́ńjìnnì ò ní wálẹ̀, á ṣì máa han lọ gooro. Mo ti yí gbogbo súkúrù tó wà lára kábúrétọ̀ yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí ìkankan wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ní kí n kúkú da pẹtiróòlù sí i. Ẹ gbà mí o. (Bàbá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kó fi pẹtiróòlù sílẹ̀ sínú mọ́tò tiẹ̀. Epo nitro yẹn, methanol ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n wá po nitromethane àti ọ́ìlì mọ́ ọn, ọ́ìlì yẹn nìkan sì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń rí lò. Glow plug tó wà lórí ẹ̀ kì í ta iná bíi plug mọ́tò ńlá o, wáyà kékeré inú ẹ̀ ló ń pọ́n, methanol ló sì ń jẹ́ kó máa pọ́n lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ igniter, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fi ń mú plug gbóná nígbà tẹ́ ẹ bá ń stáàtì ẹ̀. Pẹtiróòlù ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi súkúrù sílẹ̀ ná. Kábúrétọ̀ làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, wọ́n á yí i títí á fi sú wọn, nígbà tó jẹ́ pé plug ti jó tàbí epo ti fa omi (methanol máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, tí ìdérí gálọ́ọ̀nù ò bá ti dí dáadáa, epo yẹn ti lọ nìyẹn). Ẹ fi plug tuntun sí i, ẹ ra epo tuntun, ẹ fọ filtà.

Ẹ́ńjìnnì tí ò wálẹ̀ tó bá ti gbóná, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé nǹkan kan ò há kábúrétọ̀ mọ́ ibi tó ṣí sí, afẹ́fẹ́ olè ni mo máa fura sí, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà nídìí kábúrétọ̀ níbi tó ti wọnú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń gan tó bá pẹ́, ẹ wo ìdérí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà. Lẹ́yìn náà táǹkì. Kò sí pọ́ǹpù lára mọ́tò yìí, agbára èéfín tó ń ti sàlẹ́ńsà bọ̀ ló ń ti epo jáde, torí náà tí táǹkì bá jò, epo ò ní dé ibi tó ń lọ. Ẹ da epo inú ẹ̀ nù, ẹ dí ihò kan, ẹ rì í sínú omi, ẹ wá fi síríńjì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò kejì, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, májèlé ni methanol. Ibi tí omi bá ti ń hó lẹ ti rí i.

Ìgbà yẹn lẹ tó lè wá dá súkúrù padà síbi tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́wọ́ ọ̀tún epo á dín, sọ́wọ́ òsì epo á pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni o, ìdá kan nínú mẹ́jọ òbírí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sáré kẹ́ ẹ tó tún yí i. Súkúrù high speed, ìyẹn èyí tó ń darí epo nígbà tó bá ń sáré, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kó gbóná dáadáa, kó máa sáré, àmọ́ kí èéfín ṣì máa jáde lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ò bá rí èéfín mọ́, epo ti kéré jù, ẹ fẹ́ sun ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ kán omi sórí ẹ́ńjìnnì, tó bá ta pàrà lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù.

Súkúrù low speed, ìyẹn èyí tó ń darí epo nígbà tó bá rọra ń ṣiṣẹ́, ló wá kàn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìfún un níná, ẹ fìka fún rọ́bà epo pọ̀ nítòsí kábúrétọ̀. Ó yẹ kó ṣe bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́rin, kó han sókè díẹ̀, kó tó kú. Tó bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, epo kéré, tó bá pẹ́, epo pọ̀ jù. Tiyín tó ń kú tó bá fà yẹn, ẹ wo èéfín: tó bá ń rú tùù kó tó kú, epo ló fún un lọ́rùn, tó bá kú fííràn láìsí èéfín, ebi ló ń pa á.

Tí òtútù bá dé, ẹ ṣí súkúrù díẹ̀ sí i kí epo pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe lè bá mi ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì báyìí? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Tó bá lọ́wọ́ dáadáa, ó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kò sí float (èyí tó ń léfòó lórí epo) nínú kábúrétọ̀ yìí, kó má lọ máa wá a. Kó má sì fi sáńpépà ha ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ (ẹnu súkúrù tó ń darí epo yẹn) rárá.